Bí Ewé Bá Pẹ́ Lára Ọṣẹ: Ike Tó Ti Gbé Kẹrosíìnì Kò Gbọdọ̀ Gbé Omi Ọmọ Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti àìsàn tó lórúkọ ńlá. Ọ̀rọ̀ ìgò òfìfo, kẹ́ẹ̀gì, ọ̀rá àti páálí tí a kó jọ sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni, àwọn tí a máa ń sọ nípa wọn pé, "Ẹ má jù ú nù o, a máa rí i lò."

Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń wúkọ́, òórùn kẹrosíìnì sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n wá. Bí màmá ṣe rí mi báyìí, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Aúntí nọ́ọ̀sì, mo ti fún un ní epo pupa o. Ó ti bì í jáde."

Màmá rò pé òun ti ṣe ìtọ́jú kí òun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Mi ò bá wọn wí, nítorí ohun tí àwọn ìyá tiwọn náà kọ́ wọn nìyẹn. Àmọ́ epo pupa yẹn gan-an ló dá kún ọ̀rọ̀, bí mo ṣe máa ṣàlàyé níwájú. Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún gbáko ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì wa kí a tó lè ní kó máa lọ sílé.

Nígbà tí ara balẹ̀, mo bi màmá bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìgò mínírà oníke ni wọ́n fi ra kẹrosíìnì, wọ́n sì gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá sítóòfù. Ọmọ náà mọ ìgò yẹn dáadáa. Inú irú rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bu mínírà fún un lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹ̀yin òbí, ọmọ yẹn kò ṣe àṣìṣe kankan o. Ohun tí àwa àgbà kọ́ ọ ló ṣe: pé ohun tó bá wà nínú ìgò yẹn, mímu ni.

EWÉ ÀTI ỌṢẸ

Àwọn baba wa ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ewé ni wọ́n fi ń di ọṣẹ dúdú láyé ọjọ́un, kò sì sí ìyá tó jẹ́ tú ewé ọṣẹ kó wá fi di ẹ̀kọ. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé ohun tí a fi di nǹkan máa ń gba nǹkan náà sára. Ìgbà tí ike dé ni a gbàgbé. A rí i pé ó ń dán, ó ní ìdérí, kì í fọ́, a sì rò pé bí a bá ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ti di tuntun.

Mi ò sọ pé kí ẹ má tún nǹkan lò o. Ọgbọ́n ni àtúnlò, pàápàá lásìkò tí owó ò sí níta yìí. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ mọ ohun tí ike náà ti gbé rí kí ẹ tó gbé oúnjẹ sínú rẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá mọ ìtàn rẹ̀, ẹ má lò ó fún ohun tó ń lọ sẹ́nu.

ỌMỌ ÌYÁ NI IKE ÀTI KẸROSÍÌNÌ

Bí ẹ bá wo ike, ẹ ó rò pé ó dí pinpin bí òkúta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú epo rọ̀bì tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń rí kẹrosíìnì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe ike. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ìdí nìyí tí ara ike fi máa ń fa kẹrosíìnì, bẹntiróòlù, ọ́ìlì ọkọ̀ àti oògùn apakòkòrò mọ́ra. Ẹ lè fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti yanrìn fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ yín ó fi bó. Ara òde lẹ fọ̀. Bí ẹ bá rọ omi tàbí epo pupa sínú rẹ̀, tó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, èyí tó ti sá pamọ́ sínú ike á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀. Epo pupa àti òróró gan-an ló máa ń fà á jáde jù, torí epo ń wá epo.

Kẹrosíìnì ṣì dára díẹ̀, torí òórùn rẹ̀ ń tú u fó. Àwọn oògùn apakoríko àti apakòkòrò kan wà tí òórùn wọn kò tó nǹkan lẹ́yìn tí a bá ti fọ ike wọn. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ike oògùn oko kò gbọdọ̀ wọlé rárá. Ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní kí á ṣe ni pé bí oògùn bá ti tán, kí á fi omi ṣan ike náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí á da omi náà sínú ẹ̀rọ tí a fi ń fín oògùn kó lè bá oògùn lọ sórí oko, kí á sì gún ike náà níhò kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi bu omi mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ike ọ̀dà. Mo mọ̀ pé ó pọ̀ ní ilé wa, tí wọ́n fi ń gbé omi, tí wọ́n fi ń tọ́jú gààrí. Òjé máa ń wà nínú ọ̀dà mìíràn, òjé sì jẹ́ ọ̀tá ọpọlọ ọmọdé. Kì í ṣe kíá lẹ máa rí iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ á kàn máa lọ sílé ìwé, ìwé ò ní máa wọ̀ ọ́ lórí bó ṣe yẹ. Ike ọ̀dà, ẹ fi gbin ẹ̀fọ́ tàbí kí ẹ fi pọn omi ìfọlẹ̀.

NỌ́ŃBÀ TÓ WÀ NÍDÌÍ IKE

Ẹ mú ike kan, ẹ dojú rẹ̀ dé. Ẹ ó rí àmì onígun mẹ́ta kan níbẹ̀ àti nọ́ńbà kan, láti 1 sí 7. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àmì yìí ní 1988, kí àwọn tó ń to ike àlòkù lè mọ èyí tó bá ara wọn mu. Nọ́ńbà 1 ni ìgò omi àti mínírà. 2 ni ike tó le díẹ̀, bíi kẹ́ẹ̀gì òróró. 4 ni ọ̀pọ̀ ọ̀rá. 5 ni abọ́ oníke tó lè gba ooru díẹ̀. 6 ni ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí àwọn olóúnjẹ fi ń bu ìrẹsì tà, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin dè ní oṣù Kìíní 2024.

Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Nọ́ńbà yìí kò sọ pé ike dára fún oúnjẹ. Ẹ ó bá 2 lábẹ́ kẹ́ẹ̀gì òróró, ẹ ó tún bá a lábẹ́ gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì ọkọ̀ àti ike bílíìṣì. Irú ike tó jẹ́ ló ń sọ, kì í sọ ohun tó ti gbé rí. Ẹ̀yin tó ni ín lẹ mọ ìyẹn.

Ohun mìíràn ni ooru. Ìgò omi tó jẹ́ 1 máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ooru bá ti dé nǹkan bí 70, ìyẹn kí omi tó hó rárá. Ẹ máa ń rí i bó ṣe máa ń sún kì bí omi gbígbóná bá kàn án. Nítorí náà, ògì gbígbóná, tíì ọmọ, àgbo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má rọ wọ́n sínú rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín inú ọ̀rá náà wà níbẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n ṣe láti fi gbé ọjà kò mọ ohun tó ń jẹ́ iná. Ewé eéran àti gbòdògì kò tíì tán lọ́jà, agolo tí kò dípẹtà àti abọ́ tánganran náà sì wà.

Àti ọ̀rá dúdú. Ẹ ti bi ara yín rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ dúdú? Bí wọ́n bá yọ́ oríṣiríṣi ike àlòkù pọ̀, pupa, búlúù, yẹ́lò, àwọ̀ dúdú ló lè bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ike inú rẹ̀ ti wá. Bí wọ́n bá fi gbé ẹran tàbí ẹja fún yín lọ́jà, kó ti ọjà dé ilé ni. Ẹ má tì í bẹ́ẹ̀ sínú fíríìjì, ẹ má sì fi di oúnjẹ gbígbóná.

BÍ ILÉ IṢẸ́ ṢE Ń ṢE TIWỌN

Ẹnì kan lè sọ pé, "Aúntí nọ́ọ̀sì, ṣebí àwọn òyìnbó náà ń fi ike àlòkù ṣe ìgò omi tuntun?" Òótọ́ ni. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ti wà láti 2025 pé ìdá 25 nínú 100 ike ìgò mímu irú nọ́ńbà 1 gbọ́dọ̀ jẹ́ àlòkù tí wọ́n tún rọ, yóò sì di 30 ní 2030. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Wọ́n á ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi omi gbígbóná àti kọ́sítíìkì sódà fọ̀ ọ́. Ìdérí rẹ̀, tó jẹ́ irú ike mìíràn, á léfòó, wọ́n á sì kó o kúrò. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi iná tó gbóná ju omi híhó lọ dáadáa yan án fún ìgbà pípẹ́ nínú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, kí ohun tó bá sá pamọ́ sínú ike lè jáde. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ yìí, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù ṣì ní nínú 100 irú ike bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi rọ ìgò oúnjẹ, èyí tó ti gbé ohun mìíràn tí kì í ṣe oúnjẹ kò gbọdọ̀ ju 5 lọ. Bí àwọn tó ní ẹ̀rọ bá ń bẹ̀rù tó báyìí, kí ni kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ tiwa fẹ́ ṣe?

Ìgò gíláàsì ní tirẹ̀ yàtọ̀. Kì í fa nǹkan sára. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ mínírà fi lè gba ìgò wọn padà, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún rọ nǹkan sínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ bí ẹ bá ti fi bu kẹrosíìnì, ẹ má dá a padà sínú kèrétì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ọmọ ẹlòmíràn ló máa fẹnu kàn án.

ÌWÉ ÌRÒYÌN ÀTI PÁÁLÍ

Mo fẹ́ràn àkàrà àárọ̀ bí ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Bí ìyá alákàrà bá fi ìwé ìròyìn di í fún yín, ẹ tú u wò nígbà tí ẹ bá délé. Ẹ ó bá àwọn lẹ́tà níbi tí òróró dé, nígbà mìíràn ẹ ó bá wọn lára àkàrà. Epo wà nínú íńkì tí wọ́n fi ń tẹ ìwé, òróró gbígbóná sì máa ń fà á wọnú oúnjẹ. Ní Íńdíà, níbi tí àwọn náà ti fẹ́ràn oúnjẹ dídín lẹ́bàá ọ̀nà bíi tiwa, òfin tí wọ́n ṣe ní 2018 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìwé ìròyìn di oúnjẹ. Ní 2023, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ lọ́hùn-ún tún kìlọ̀ fún àwọn tó ń ta oúnjẹ nípa rẹ̀.

Páálí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìwé ìròyìn àtijọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń lọ̀ láti fi ṣe ọ̀pọ̀ páálí. Ní nǹkan bí 2010, àwọn onímọ̀ ní ilé àyẹ̀wò oúnjẹ ìlú Zurich ní Switzerland rí i pé epo inú íńkì yìí máa ń kúrò lára páálí àtúnrọ, á gba inú afẹ́fẹ́ wọnú oúnjẹ gbígbẹ tó wà nínú rẹ̀, àní nígbà tí bébà tín-ín-rín kan bá wà láàárín wọn. Nítorí náà, ẹ má sá èlùbọ́ tàbí ẹ̀fọ́ sórí páálí, ẹ má sì to àkàrà tàbí ẹja díndín sínú rẹ̀. Ẹ gbé abọ́ tiyín lọ bá ìyá alákàrà. Kò ní bínú, torí ẹ ti bá a dín owó bébà kù. Ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí pàápàá, ẹ kà á tán, ẹ fún aládùúgbò kó kà á, àmọ́ ẹ má fi di àkàrà.

ÌGÒ TÍ WỌ́N ṢÀ NÍ ÀÀTÀN

Ẹ ṣọ́ra fún zobo, kúnú àti omi òfíò tí wọ́n ń rọ sínú ìgò omi àlòkù kiri. Kì í ṣe gbogbo ìgò yẹn ló wá láti ilé. Àwọn kan wá láti inú gọ́tà àti ààtàn, ẹnu ìgò náà sì tóóró ju kí ọwọ́ wọ inú rẹ̀ fọ̀ ọ́ lọ. Ní oṣù Kẹfà 2024 tí àrùn kọ́lẹ́rà jà ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ pé àwọn fura sí omi òfíò kan tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Wọn ò sọ pé ìgò ló fà á, àmọ́ ìgò ẹlẹ́gbin àti omi ẹlẹ́gbin, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Bí ẹ bá mu omi inú ìgò tán, ẹ tẹ̀ ẹ́ pa kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹnikẹ́ni má baà tún rọ nǹkan sí i.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

Oúnjẹ ni kó máa rọ́pò oúnjẹ. Kẹ́ẹ̀gì òróró tí ẹ rà fúnra yín, ẹ lè fi ra epo pupa. Ìgò gíláàsì tó ti gbé oyin tàbí jáàmù, ẹ sè é nínú omi, kí ẹ fi tọ́jú ata gbígbẹ tàbí àgbo. Bí ẹ bá ń lọ ra epo pupa, ẹ mú kẹ́ẹ̀gì tiyín dání, ẹ má gba èyí tí ẹni tó ń tà á ṣà fún yín.

Ike tó bá ti ní ojú ọgbẹ́, tó ti há, tàbí tó ti ń rùn, ó ti parí iṣẹ́ oúnjẹ. Kokoro àrùn ń fara pamọ́ sínú ojú ọgbẹ́ yẹn. Ẹ má sun ún o, èéfín ike ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ kó o jọ sínú àpò fún àwọn tó ń ra ike. Ní Èkó, Bilikiss Adebiyi dá ilé iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ ní 2012. Wọ́n ń kó ike láti ilé dé ilé, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ń fi ohun èlò ilé san án padà fún ẹni tó kó o jọ. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ló ti ní àwọn tó ń fi ọmọlanke ra ike báyìí. Ẹ jẹ́ kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ.

Kẹrosíìnì, bílíìṣì, kọ́sítíìkì sódà, omi bátìrì, ẹ má fi wọ́n sínú ìgò omi tàbí ti mínírà láé, kódà fún alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ fi ọ̀dà pupa kun kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò tó.

Ẹ̀yin àgbà wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà o. Ojú kì í rí kedere lóru, òùngbẹ sì máa ń gbẹ èèyàn. Ẹni tó bá gbé ìgò oògùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sítòsí ìgò omi lè na ọwọ́ sí èyí tí kò fẹ́. Oògùn tí dókítà fún yín náà, ẹ fi í sílẹ̀ nínú páálí tàbí ìgò tó bá a wá, ẹ má kó oríṣi méjì sínú agolo kan.

BÓ BÁ TI ṢẸLẸ̀

Bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù, ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má fún un ní mílíìkì tàbí ẹyin tútù. Ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Kì í ṣe inú ikùn ni kẹrosíìnì ti ń pa ọmọ jù, inú ẹ̀dọ̀fóró ni. Bí ọmọ bá ń bì, kẹrosíìnì á tún gòkè wá, á wá ráyè gba ọ̀nà èémí. Epo pupa tí màmá wa fún ọmọ yẹn, tó mú un bì, iṣẹ́ tó ṣe nìyẹn.

Ẹ bọ́ aṣọ tí kẹrosíìnì dà sí lọ́rùn rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ara rẹ̀, ẹ gbé e jókòó, kí ẹ sì máa gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bó bá ti dákú, ẹgbẹ́ ni kí ẹ dá a dùbúlẹ̀ lé. Ẹ mú ìgò náà dání, kí a lè mọ ohun tó mu. Bí kò bá tiẹ̀ wúkọ́, ẹ ṣì gbé e wá. A máa ń ṣọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, torí ìpalára rẹ̀ kì í yá a fi hàn.

Bó bá jẹ́ kọ́sítíìkì sódà tàbí omi bátìrì ni, ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ má fún un ní ọsàn wẹ́wẹ́. Ohun tó jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ sísàlẹ̀, á tún jó o nígbà tó bá ń bọ̀ lókè. Oògùn apakòkòrò náà, ẹ má jẹ́ kó bì í. Ilé ìwòsàn ni gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ẹ pe àwọn ọmọ, kí ẹ jọ kó gbogbo ike àti ìgò inú ilé síta. Ẹ bi ara yín nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Kí ni èyí ti gbé rí?" Èyí tí ẹ bá dáhùn, ẹ mọ ibi tí ẹ máa gbé e sí. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ tà á fún ọlọ́mọlanke.

Màmá ọjọ́sí padà wá sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn oṣù kan láti wá dúpẹ́. Ọmọ náà ń sáré kiri lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní àwọn ti ra kẹ́ẹ̀gì kékeré kan fún kẹrosíìnì, àwọn sì fi aṣọ pupa so ó lọ́rùn. Mo ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ lọ sọ fún àwọn ará àdúgbò." Ohun tí mo sọ fún wọn náà ni mo ń sọ fún yín. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fọwọ́ ara wa fún ọmọ wa ní májèlé. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.